Pákó Tó Ń Yọ́

Ọkọ Jemimah kì í ṣe òpùrọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, nítorí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Òkìkíọlá kì í mutí, kì í jalè, fíríìjì tó bá sì tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mushin kì í padà wá bá a lọ́sẹ̀ kejì. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò lè sọ ohun tí kò ní dùn mọ́ ìyá rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Àléébù yìí kéré lójú, àfi ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn.

Ìyá náà ni Ethel, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ó sì ti ń bá wọn gbé ní Àgùdà láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Aláṣọ funfun ni, ìyá àdúrà nínú ìjọ rẹ̀, kò sì sí ọdún kan tí kì í lọ sí ibùdó ìjọ lójú ọ̀nà Ìbàdàn nínú oṣù kẹjọ. Orí ẹní ni wọ́n ń sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e dìde láràárọ̀, ojú sì tì í. Ó ní bí òun kò bá rí ibi gíga sùn lọ́dún yìí, ilẹ̀ náà ni òun yóò tún sùn, kí orúnkún já bó bá fẹ́ já.

Òkìkíọlá bá ní òun yóò ṣe ilé onítáyà fún un, yàrá kékeré kan tí mọ́tò yóò máa fà lẹ́yìn, tí yóò ní bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n Kòróòlà wọn ti darúgbó, kò lè fa ilé pákó. Fóòmù ni Òkìkíọlá rò, fóòmù funfun líle tí wọ́n fi ń ṣe àpótí ẹja, tí ènìyàn méjì lè fi ọwọ́ gbé odidi yàrá tí wọ́n bá fi ṣe. Ó ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀ létí Màmá.

"Fóòmù?" ni Màmá wí. "Ṣé ẹja inú yìnyín ni mí, tí o fẹ́ kó mi sínú fóòmù? Tí kì í bá ti ṣe pákó, fi mí sílẹ̀ jàre."

"Pákó náà ni, Màámi," ni Òkìkíọlá dáhùn. Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò ju gbólóhùn kan lọ.

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é lẹ́yìnkùlé. Teslim wẹ́dà jó irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀, wọ́n so táyà méjì mọ́ ọn. Òkìkíọlá gé fóòmù tó nípọn tó ìka mẹ́rin, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra di ògiri, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra di òrùlé. Jemimah, tó jẹ́ tíṣà, máa ń bọ́ aṣọ ilé ìwé lọ́ọ̀sán, á sì wá bá a lẹ kánfáàsì mọ́ gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n á ri aṣọ bọ inú gọ́ọ̀mù funfun, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nà án títí tí kò fi ní hunjọ mọ́, wọ́n á wá fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó gbẹ, ó le koko. Inú Jemimah dùn sí i, kí a má purọ́. Kì í kọjá lára rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ tí Teslim padà wá jó ìkọ́ tí mọ́tò yóò fi fà á ni ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Jemimah. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí nígbà tí ẹ̀ta iná kan fò, tó bọ́ sórí àjẹkù fóòmù kan nílẹ̀. Kò jó bí igi ṣe ń jó, tí ènìyàn á ráyè wá omi. Ó yọ́, ó ń kán, iná sì wà nínú ohun tó ń kán náà. Kí Teslim tó bu iyẹ̀pẹ̀ dà sí i, èéfín dúdú ti bo ẹ̀yìnkùlé. Àwo ẹ̀wà ti bọ́ lọ́wọ́ Jemimah, kò sì mọ̀.

"Àbẹ́là Màmá ńkọ́?" ló bi ọkọ rẹ̀ nígbà tí Teslim lọ tán. Ó mọ̀, ọkọ rẹ̀ náà mọ̀, pé Màmá kì í gbàdúrà láì tan àbẹ́là.

"Mà á bá wọn sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Jemimah, mo ní mà á bá wọn sọ ọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n má tanná, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Kí ni kí n wá sọ?"

Ìgbà mẹ́ta ni Jemimah mú ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, ìgbà mẹ́ta ló mú un padà. Ìyàwó ilé mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun mọ. Ìyàwó tó bá lọ sọ fún ìyá ọkọ pé ọmọ rẹ̀ ń purọ́, tìyá-tọmọ á parí ìjà wọn lọ́la, òun ni wọn yóò wá máa wò bí ẹni tó fẹ́ da ilé rú. Ó bá pa ẹnu mọ́, ó sì ń bẹ̀rù. Lóru, bó bá gbóòórùn àbẹ́là láti yàrá kejì, ó máa ń dìde jókòó.

Ọjọ́ tí ilé náà parí, Màmá fi ọwọ́ méjèèjì wo ara ògiri rẹ̀ yíká, bí afọ́jú ṣe ń wo ojú ènìyàn. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló dé tí kò dún?"

"Aṣọ ló wà lára rẹ̀, Màámi."

"Igi wo ni?"

"Arère ni. Ó fúyẹ́."

"Arère dáa," ni Màmá wí, ó sì súre fún ọmọ rẹ̀ títí. Jemimah ṣe àmín sí i, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Wọ́n gbéra lówúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti ṣètò pé iwájú mọ́tò ni Màmá yóò jókòó, ṣùgbọ́n ó wo ìjókòó náà, ó wo orúnkún rẹ̀, ó ní kò jọ ọ́. Ẹ kan bẹ́ẹ̀dì fún òun tán, ẹ tún ní kí òun máa ká ẹsẹ̀ kò fún wákàtí méjì? Inú ilé onítáyà ni òun yóò dùbúlẹ̀ sí. Òkìkíọlá ní kò burú, Màámi. Kì í mọ̀ ju kò burú náà lọ.

Nígbà náà ni Jemimah rí báàgì funfun lọ́wọ́ Màmá, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: Bíbélì, ìgò omi àdúrà, ìṣáná, páálí àbẹ́là kan.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé báàgì yẹn síwájú, kó má baà yí dànù."

"Báàgì àdúrà mi? Kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o sáà mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wá jókòó tì yín nígbà náà."

"Ẹni kan ló lè gbà," ni Òkìkíọlá wí kíákíá. "Mọ́tò ò ní lè fà á." Ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì fi ìdè ìlẹ̀kùn fíríìjì àtijọ́ kan há a láti ìta.

Wọ́n kọjá Máṣà. Jemimah kò lè jókòó dáadáa, dígí ẹ̀gbẹ́ ló tẹjú mọ́, níbi tó ti ń rí ilé funfun náà tó ń jù sọ́tùn-ún jù sósì lẹ́yìn wọn. Bọ́ọ̀sì ńlá kan sáré kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ ilé náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kó tó padà. Ó rí i bí ó ṣe fúyẹ́ tó.

"Dúró kó o sọ fún wọn," ló wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Ní báyìí."

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé fóòmù ni, wọn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Oṣù mẹ́ta, Jemimah. Wọn ò ní tan àbẹ́là nínú ohun tó ń lọ. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tí ọ̀nà là, tí àwọn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré àsápajúdé, nígbà tí fóònù Jemimah dún. Màmá ni.

"Ìyàwó mi, sọ fún Òkìkí kó rọra. Nǹkan yìí ń mì jìgìjìgì. Mo fẹ́ tan àbẹ́là kan, kí n fi ọ̀nà lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

 Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Jemimah, kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ: fóòmù ni, Màámi, á jó. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń mi orí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ká kọ́kọ́ dé ibùdó."

"Àbí ibùdó ni ewu wà ni? Ojú ọ̀nà ló wà, ọmọ mi." Màmá sì pa fóònù.

Jemimah pè é padà. Ó dún títí, kò gbé e. Ó tún pè é. Màmá kì í gbé fóònù lórí àdúrà, kódà bí gómìnà ló bá ń pè.

"Dúró! Òkìkí, dúró!"

"Níbo? Níbo ni kí n dúró?"

Òótọ́ ni, kò sí ibì kankan. Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn wọn tó ń fun fèrè, bọ́ọ̀sì wà lọ́tùn-ún, ògiri wà lósì, kò sì sí bíréèkì lára ohun tí wọ́n ń fà. Bí ó bá tẹ bíréèkì òjijì, ilé náà yóò yí dànù pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Òógùn bo ojú Òkìkíọlá. Ó ń sọ pé "Jésù, Jésù" lábẹ́ èémí, ó sì ń rọra fà sí ẹ̀gbẹ́. Jemimah ń wo fèrèsé kékeré ilé náà nínú dígí.  Ó rí ìmọ́lẹ̀ kan tó pọ́n. Ó ní bóyá oòrùn ni. Ìmọ́lẹ̀ náà gbòòrò, èéfín dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ jáde létí fèrèsé. 

Jíbówú ni wọ́n ti rí àyè yà, níwájú gáréèjì kan. Mọ́tò kò tíì dúró tán nígbà tí Jemimah bẹ́ sílẹ̀, tó ṣubú, tó dìde, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìdè ìlẹ̀kùn náà le. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, kò gbà, ó ń pe Màmá, kò gbọ́ nǹkan kan ju ikọ́ lọ. Ìgbà tó fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn ló tó ṣí, èéfín sì gbá a lójú.

Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó na ìgò omi àdúrà síwájú, ó ń dà á sára ògiri tí kò rí dáadáa. Àbẹ́là ti ṣubú lu ògiri. Ihò tó tóbi tó àwo ọbẹ̀ ti lu síbẹ̀, ó ń fẹ̀, ó sì ń kán iná sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kán sí ọwọ́ Màmá pẹ̀lú. Jemimah kò mọ ibi tí agbára ti wá. Ó di obìnrin náà mú lábẹ́ apá, ó fà á jáde, àwọn méjèèjì ṣubú sórí títì. Lẹ́yìn wọn, àwọn èrò gáréèjì ń fi eyín já omi inú ọ̀rá, wọ́n ń jù ú wọlé ní méjì méjì, awakọ̀ kan sì gbé ohun ìpaná mọ́tò rẹ̀ dé. Iná kú. Ká ní wọ́n tún rìn dé Fádéyì tó tẹ̀ lé e, òkú ni wọn ì bá fà dé ibẹ̀.

Wọ́n gbé Màmá sórí bẹ́ǹṣì.  Nǹkan dúdú kan ti gan mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ sì ti bó. Àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ wà lára aṣọ rẹ̀. Ó ṣa ọ̀kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Òkìkí."

"Màámi." Ó ti dọ̀bálẹ̀ sínú omi tí wọ́n fi pa iná.

"Igi wo ló ń yọ́?"

Òkìkíọlá tẹ iwájú orí mọ́lẹ̀.

"Arère ni o pè é fún mi."

"Fóòmù ni, Màámi."

"O mọ̀ pé ó ń jó bẹ́ẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì tì mí mọ́ inú rẹ̀ láti ìta."

 Màmá yí ojú rẹ̀ tó ṣú sí ibi tó ti gbọ́ ẹkún Jemimah. "Ìwọ ńkọ́, ìyàwó mi? O mọ̀?"

Jemimah la ẹnu.

"Kò mọ̀," ni Òkìkíọlá wí nílẹ̀ tó wà. "Èmi nìkan ni mo ṣe é. Ẹ má bá a wí, Màámi, kò mọ̀ rárá."

Ẹnu Jemimah ṣì là. Ẹ̀rù iná ti lọ, òmíràn wá jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pa ẹnu náà dé.

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Ọmọ ọlọ́mọ kò lè ṣe irú èyí sí mi."

Wọ́n fi ilé onítáyà sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ gáréèjì. Oníṣọ́ọ̀bù oògùn kan wẹ ọwọ́ Màmá, ó sì fi báńdéèjì dì í. Òkìkíọlá ní kí àwọn padà sí Àgùdà, Màmá ní ibùdó ni òun dágbére, ibùdó ni òun ń lọ. Ó jókòó síwájú, orúnkún rẹ̀ ká kò, kò sì ráhùn. Jemimah wà lẹ́yìn. 

"A ti dé Pámúgróòvù, Màámi," ni Òkìkíọlá wí jẹ́jẹ́.

Màmá yí ọrùn sẹ́yìn. 

"Ìyàwó mi, ṣé òótọ́ ló sọ?"

Jemimah wo ìta. "Òótọ́ ni, Màámi."

"Ó dáa. Ìwọ ni kó o máa sọ ohun tí ojú mi ò rí fún mi láti òní lọ." Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó yè sẹ́yìn láàárín ìjókòó méjèèjì, ó wá ọwọ́ Jemimah kàn, ó dì í mú. Gọ́ọ̀mù funfun ṣì wà lábẹ́ èékánná Jemimah. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó nínú dígí òkè, ó sì yára gbé ojú kúrò. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Jemimah sọ fún Màmá pé wọ́n ti dé Òbáníkòró, Màmá sì ní ó ṣeun.