Àdúrà Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Dijú

Ẹ̀rù ń ba Aránṣọ, kì í sì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Ẹ̀rù náà bá a jí láàárọ̀, ó bá a wẹ̀, ó bá a wọṣọ, nígbà tó sì fi máa dé ìdí ọkọ̀, àfi bíi pé ó ti jókòó dè é níbẹ̀. Ọkọ̀ náà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lábẹ́ tapólì, níbi tó ti máa ń wò ó láti ojú fèrèsé bó bá ń rán aṣọ. Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, ọkọ̀ ibi iṣẹ́ ló bá lọ, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní kọ́nà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, lójú ọ̀nà òkè, ọkọ̀ ibi iṣẹ́ náà kúrò lójú títì, gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ọ̀nà òkè yẹn gan-an ni Aránṣọ fẹ́ gbà lónìí, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì fẹ́ gbé.

Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ìjọ. Wọn kò sì fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí màmá yìí bá dijú láti gbàdúrà, èèyàn lè gbé ìkòkò kaná, kó jẹun, kó fọ abọ́, kó tó gbọ́ àmín. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ilé ìsìn àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi òkúta kọ́, àwọn onígbàgbọ́ a sì máa lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti dúpẹ́ àti láti tọrọ. Ọmọ màmá ló máa ń gbé e lọ. Látìgbà tí ọmọ ti kú, màmá kò débẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó gbójú bi í léèrè.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ ìsinmi kan tí màmá dìde láàárín ìjọ, tó ní òun máa gòkè lọ́dún yìí, àti pé ìyàwó ọmọ òun ló máa wakọ̀ gbé òun lọ. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ fò sókè. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló yọ síta, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti domi.

Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà. Lẹ́yìn ìsìnkú ló lọ kọ́ ọ, nítorí aṣọ àwọn akọrin tó máa ń rán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rù lórí káàkiri ìlú. Ẹni tó kọ́ ọ ní ó ń di sítíárìn mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà mọ́ lọ́wọ́. Inú ìlú nìkan ló ti ń wakọ̀. Bí oníbàárà bá ń gbé lójú ọ̀nà òkè, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wá gbé aṣọ wọn, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ kankan kò dùn ún. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀nà òkè kì í sì í ṣe ekòló lójú tirẹ̀, ejò yẹn fúnra rẹ̀ ni.

Ohun tó tún wá burú jù ni pé kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ ti wàásù pé ìbẹ̀rù àti ìgbàgbọ́ kì í gbé inú ilé kan. Látọjọ́ náà ni Aránṣọ ti gbà pé bí ẹ̀rù bá ti gba gbogbo inú òun báyìí, á jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Èyí dùn ún ju ẹ̀rù náà lọ. Ó máa ń wo Ìyá Àdúrà tí ojú rẹ̀ dì pa, tí ètè rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀, á sì máa jowú rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń jowú ẹni tó ti yó.

Màmá jáde pẹ̀lú Bíbélì àti àpò rẹ̀. Ó jókòó sẹ́yìn, níbi tí àwọn ọ̀gá ńlá máa ń jókòó sí, ó de bẹ́líìtì, ó sì dijú kí ọkọ̀ tó dún rárá. Aránṣọ wò ó nínú dígí, ó sọ lọ́kàn pé ó kúkú dáa, ẹni kan ń gbàdúrà nínú àwa méjèèjì.

Nínú ìlú, kẹ̀kẹ́ ológeere kan kọjá wọn. Ẹni tó ń gùn ún tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò wọ́n, àánú wọn ṣe é. Àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìyàwó ni wọ́n ń sìn lọ. Aránṣọ kò yára. Òógùn ti mú kí sítíárìn máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sọ lọ́kàn pé bí òun bá dé ibi tí ilé parí sí, òun á wá nǹkan wí, òun á ní ẹ́ńjìnnì ń gbóná, òun á yí padà. Ṣùgbọ́n ilé parí, ojú màmá ṣì dì pa, irọ́ náà kò sì yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀ ga bí ògiri, lọ́wọ́ òsì, kò sí nǹkan kan àfi koríko díẹ̀, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́. Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó rọ̀ débi pé àwọn ọ̀pá tó ń nu gíláàsì iwájú kò rí i bá jà. Aránṣọ ronú pé irú òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyí. Ó fẹ́ dúró, kò sì mọ ibi tó lè dúró sí, nítorí títì náà tẹ́ẹ́rẹ́.

Tírélà kan yọ lókè, ó tan iná, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wọn. Bóyá fèrè rẹ̀ ló ta màmá jí, bóyá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni, màmá ṣáà lanu.

“Jésù! Ìyàwó mi, jẹ́ ká gbàdúrà!”

Aránṣọ dijú.

Ẹ má bú u. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ìyá tó bí i lọ́mọ kì í fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré. Ọmọ tó bá lajú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí á gbàdúrà, ìkó ló ń jẹ lórí. Ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ti ní kí á gbàdúrà, ojú sì pa dé, ọwọ́ rẹ̀ kan pàápàá ti fi sítíárìn sílẹ̀ láti wá ìkejì rẹ̀.

Fèrè tírélà ló la ojú rẹ̀. Ibi tí títì wà tẹ́lẹ̀, koríko ló rí. Ó tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ọkọ̀ yọ̀, ó yí díẹ̀, ó sì dúró gbọn-ọn. Tírélà yà fún wọn sápá ògiri òkè, ó kọjá, ó da omi bò wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Taya iwájú kan wà lórí koríko. Iwájú koríko náà, kò sí ilẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè fi jíà sẹ́yìn. Ó rọra fà á kúrò létí ibẹ̀ títí gbogbo taya fi wà lórí ilẹ̀ líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì nà án sẹ́yìn fún màmá. Ó ní òun kò lọ mọ́, bọ́ọ̀sì ìjọ tó ń gbé àwọn yòókù bọ̀ máa tó kọjá, kí màmá bá wọn lọ, òun á fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ó ní òun dijú. Ó ní òun lè pa ìyá síbi tí ọmọ kú sí.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ó ti ń bà mí látọjọ́ tí ẹ ti dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Irú ìgbàgbọ́ tí ẹ ní yẹn, mi ò ní in.”

Màmá kò gba kọ́kọ́rọ́. Òjò ń lu orí ọkọ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré gan-an, kì í ṣe ohùn tí ìjọ mọ̀.

“Ta ló sọ fún ọ pé àdúrà ni mò ń gbà?”

Aránṣọ yíjú sẹ́yìn. Ojú màmá là sílẹ̀, ó sì pọ́n. Màmá wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ òun jáde nílé, òun dijú gbàdúrà fún un dáadáa, òun kò fo ohunkóhun, síbẹ̀ ọmọ náà kò padà wálé. Látìgbà náà, bí òun bá dijú, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ètè òun ń lọ nítorí ìjọ ń wo òun. Ó ní ojú tí òun dì láti ilé, ìbẹ̀rù ló dì í, òun kò fẹ́ rí ọ̀nà yìí rárá. Òun ń lọ sórí òkè láti lọ bi Ọlọ́run ní ìbéèrè kan ni, bí ẹsẹ̀ òun bá lè gbé òun débẹ̀.

Aránṣọ wá bi màmá pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò bá ìjọ wọ bọ́ọ̀sì, tó wá ń wọ ọkọ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà bíi tirẹ̀.

“Mo rí bí o ṣe ń sá fún ọ̀nà yìí,” ni màmá wí. “Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ò dùn ọ́. Ọ̀nà yìí ti gba ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó gba ìwọ náà mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí o ṣì wà láàyè.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Aránṣọ lára. Gbogbo bó ṣe ń jowú màmá láti ọjọ́ yìí, ohun tó bá ojú ti bá imú, òun ni kò mọ̀. Obìnrin àgbà yìí wọnú ọkọ̀ tẹ̀rùtẹ̀rù, ó jókòó tẹ̀rùtẹ̀rù, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Aránṣọ ronú pé bí èyí kì í bá ṣe ìgbàgbọ́, a jẹ́ pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Màmá ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò, ó sì wá jókòó síwájú. Ìborí rẹ̀ rin gbingbin. Ó ní sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ìdí nìkan ló ń jókòó, ojú kò ríṣẹ́ ṣe. Aránṣọ rẹ́rìn-ín láìrò ó tẹ́lẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, ó sì tan án. Ẹ̀rù kò lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ó lọ. Ó ṣáà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ọkọ̀ sì ń lọ.

Màmá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí. Ó ní òkúta wà lọ́tùn-ún. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan ń bọ̀ lókè, kó rọra. Láàárín ìyẹn náà ló gbàdúrà, ojú rẹ̀ wà lórí títì, kò sì gùn.

“Ọlọ́run, ẹ̀rù ń ba àwa méjèèjì. Wò wá o. Ìyàwó mi, má dijú.”

Aránṣọ ṣe àmín.

Àpáta yọ. Kò sí ẹni tó sọ pé ibẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ gbọ́ tí màmá mí kanlẹ̀, òun náà mí, ó dín eré ọkọ̀ kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí sítíárìn wọnú kọ́nà náà. Màmá yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òjò fẹ́ wọlé sí i lára. Ó na ọwọ́ síta, ó sì juwọ́ sí àpáta náà, bí èèyàn ṣe ń juwọ́ sí ará ilé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó dàbọ̀, ọmọ mi,” ni màmá wí. “Ìyàwó rẹ ló ń gbé mi lọ.”

Omi bo ojú Aránṣọ, títì sì fẹ́ pòórá mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó fi èjìká nu ojú kan, ó fi èjìká kejì nu èkejì, ó pa jíà dà, ó sì wakọ̀ jáde ní kọ́nà náà.