Ẹ̀rọ Tí Arvo Kò Pa Rí

“Ẹ kúrò lórí omi dídì yẹn! Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

Arvo Kangas ti dìde jókòó lórí ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pe àwọn ènìyàn tí kò sí nínú yàrá. Nínú ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn adágún ń jáde ní gígé-gígé: á kùn díẹ̀, á já, á tún kùn, á tún já. Lempi ìyàwó rẹ̀ sáré yí ohùn náà sílẹ̀, ó sì di èjìká ọkọ rẹ̀ mú.

“Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Arvo. Gbogbo wọn ti délé.”

“Ṣé òótọ́ lẹ ń sọ, ìyáàfin?”

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí ìyàwó mi.”

Ọdún mọ́kànlélógójì rèé tí wọ́n ti fẹ́ra. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń kí i bí ẹni kí àlejò, ó sì dun Lempi dé eegun. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bá a kí i. Kí ni kó tún ṣe?

Kí àìsàn ìgbàgbé tó dé, Arvo ti gbé àpótí agbóhùn kan sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi níbi èbúté àtijọ́ ní Marquette, ìlú wọn létí adágún ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rò pé Adágún Superior máa ń dákẹ́ nígbà òtútù kò gbọ́ ọ rí ni. Lábẹ́ omi dídì yẹn, ó ń kùn, ó ń súfèé, nígbà mìíràn ó ń ṣe bí ẹni ń pe èèyàn lórúkọ láti òdìkejì ayé. Kí ẹni tó bá wù lè gbọ́ ọ, Arvo gba yàrá kan nínú sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ràgàjì kan tó wà nílùú ọ̀nà jíjìn, tí onílé rẹ̀ ń fi háyà fún ogunlọ́gọ̀ ayálégbé. Ibẹ̀ ni ohùn adágún ń gbà dé orí ayélujára.

Ogún èèyàn ló ń gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yìí, ẹni tí kò rí oorun sùn sọ fún ẹnìkejì tí kò rí oorun sùn, ó sì di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Yàrá kò gbà wọ́n mọ́, ohun tó ń mú ohùn já nìyẹn. Ṣùgbọ́n létí Arvo, tó ti ń pẹja lórí omi dídì láti kékeré, omi dídì ló ń là lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá sì pa ohùn náà pátápátá, kò ní fojú kan oorun. Á máa rìn káàkiri ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó ń gbé, á máa wá ilẹ̀kùn.

Lempi dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó pe Ruben Lahti lórí fóònù, tó bá Arvo ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbi ìwakùsà fún ọgbọ̀n ọdún. Níta, yìnyín ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ilẹ̀ parí sí tí adágún ti bẹ̀rẹ̀.

“Gba yàrá tó tóbi sí i,” ni Ruben wí. “Bọ́tìnì kan péré ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti parí.”

“Ta ló ń bi ọ́ ní bọ́tìnì? Ṣé wọn ò ní pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó gbé e?”

“Wọ́n á pa á.”

“Ẹn-ẹ́n.”

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí apẹja ṣe ń fi ẹja yangàn ni àwọn àgbà oníkọ̀ǹpútà ń fi iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọn ti wà láàyè yangàn. Ti Arvo ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọjọ́. Kò pa á rí, kò sì rò pé òun á pa á láé, nítorí náà kò kọ ọ̀rọ̀ aṣínà àpótí náà, ìyẹn pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, síbì kankan. Nígbà tí ara rẹ̀ le, àràárọ̀ ló ń já àpótí náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, tá á tún tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà láti so ó padà mọ́ sáfà. Láti ìgbà àìsàn, kò sẹ́ni tó já a mọ́. Bí sáfà bá kú, tí a kò sì mọ ọ̀rọ̀ náà, adágún á dákẹ́ títí di oṣù Karùn-ún tí omi dídì á yọ́, tí ẹnì kan á lè mòòkùn lọ bá àpótí ọ̀hún.

“Ó dáa, ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù,” ni Ruben wí. “Kí Arvo nìkan máa gbọ́.”

“Ṣé o rántí ohun tó sọ fún ọ nígbà tó o ní kó máa gbowó ẹnu ọ̀nà?”

Ruben kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ó ní adágún kì í ṣe ti bàbá mi.”

“Kì í sì í ṣe ti ọkọ mi.”

“Agídí yín yìí, ẹ̀yin méjèèjì!” Ó mí kanlẹ̀. “Lempi, ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí àwọn tó gbàgbé orúkọ ọmọ wọn, tí wọ́n ṣì ń hun ìbọ̀sẹ̀. Kò kàn sí bá a ṣe lè dán an wò láìpa ẹ̀rọ ni.”

Lempi wo ọkọ rẹ̀. Arvo ṣì ń wojú ilẹ̀, ó ń ka àwọn ọmọ tó rò pé òun ti gbà là. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, ó yan yàrá tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì tẹ bọ́tìnì náà.

Ohùn adágún kú. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan jáde nínú yàrá tó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

“Kí ló mú kó dákẹ́?” ni Arvo béèrè.

“Ó ń mí ni,” ni Lempi wí. Òun gan-an kò mí.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà, sáfà jí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Lempi gbé kọ̀ǹpútà lé itan Arvo, ó to ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí rẹ̀.

“Bá mi tẹ̀ ẹ́, jọ̀ọ́.”

“Ìyáàfin, mi ò mọ̀ ọ́n o.”

Arvo tẹ nǹkan kan láti fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún tẹ òmíràn, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ọkàn Lempi já. Mo ti bà á jẹ́, ló ń wí nínú ara rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Marcy, olùtọ́jú, ti ilẹ̀kùn wọlé. “Màmá, ẹ káàsán o. Bàbá, kọfí yín rèé. Ó gbóná o, ẹ rọra.”

Arvo fi ọwọ́ òsì gba ife. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó bu díẹ̀ mu, ó kọjú sí fèrèsé, sí gbogbo funfun yẹn. Láìwolẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan rọra lọ sórí kọ̀ǹpútà, bí ọwọ́ ẹni tó ń wá bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kò yára, kò falẹ̀. Ìpọ́njú tó wà níwájú orí rẹ̀ láti ọdún kan tú ká, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi èbúté láàárọ̀. Ó tún mu kọfí.

Adágún padà dé. Ó wọlé odindi, kò já níbì kankan: ó kùn, ó súfèé, ó na ohùn gbọọrọ kan tó gba inú yàrá kọjá. Marcy dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. “Áà,” ló sáà ń wí.

“Mo ń gbọ́ ọ!” Ruben ń pariwo lórí fóònù. “Lempi, mo ń gbọ́ ọ! Ó yá, kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kó tó sá mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ló tẹ̀?”

“Ẹ̀rọ ò fi hàn, àmì róbótó-róbótó nìkan ló wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀, kì í fi hàn. Ìka rẹ̀ ni mò ń bi ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo jókòó sí, ṣé o ò wo ìka rẹ̀ ni?”

Lempi mú ife kúrò lọ́wọ́ Arvo, torí oorun ti ń gbé e lọ.

“Ojú rẹ̀ ni mò ń wò,” ó ní.

Àwọn méjèèjì di fóònù mú, wọ́n ń gbọ́ adágún.