Pátákó Ọrùn Ìyá Mi

2.

…nítorí náà, a fẹnu kò pé ẹni tó bá sọ èdè tí kò dáa nípàdé yóò kọ́ pátákó sọ́rùn.

Èmi Bísíríyù, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni mo fọwọ́ ara mi ṣe pátákó náà. Mo mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ sí mi lọ́rùn rí nílé ìwé l'Ẹ̀pẹ́, nítorí pé mo sọ Yorùbá.

Mo kọ ọ́ gàdàgbà:

M I   Ò   G B Ọ́   Y O R Ù B Á

3. ÌKÉDE

ẸGBẸ́ AGBÉYORÙBÁGA, ÌKÒRÒDÚ
Ìpàdé oṣù kẹta, ọdún 2007.
Ẹ má sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má sọ èdè oko.
Àwọn ọmọ alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, kò ní lè wá. Wọn ò gbọ́ Yorùbá.

4. ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ

Màmá akọ̀wé, Àlàájà Kúbúrátù, wá kí ọmọ wọn láti Ẹ̀pẹ́. A ní kí wọ́n fi àdúrà ṣí ìpàdé. Wọ́n fi Ìjẹ̀bú gbà á.

ALÁGA: Màmá, kí lẹ ń pè ní “dede”?
MÀMÁ: Gbogbo yín ni. Dede yín.
(Ẹ̀rín.)
ALÁGA: Akọ̀wé, òfin ò mọ ojú o.
(Akọ̀wé kọ́ pátákó sí ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀rín.)

4b. Ohun tí mi ò kọ sílẹ̀

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

5.

Màmá ò bọ́ pátákó náà. Wọ́n gbé e wọkọ̀ Ẹ̀pẹ́.

7. LÓRÍ FÓÒNÙ
(èmi àti Ṣùkúrátù àbúrò mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá)

ÈMI: Gbé fóònù fún wọn.
ṢÙKÚRÁTÙ: Wọ́n ń mi orí, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ti pé oṣù méjì tí wọn ò sọ̀rọ̀, orí ni wọ́n ń mì.
ÈMI: Ìyàwó mi ti bí. Obìnrin ni. O mọ̀ pé nílé wa, ìyá bàbá ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ ṣáájú wọn.
ṢÙKÚRÁTÙ: Wọ́n fọwọ́ júwe pé àwọn á wá. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, pé àwọn ò ní da ìpàdé yín rú.

8. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ ALÁGA

Congrats on ur baby girl. Pls remind members, no English on Saturday.

9.

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó yẹ̀yẹ́ láti òde wálé.

10. Ọjọ́ kẹjọ

Ààfáà ti ṣàdúrà tán. Alága jókòó níwájú. Ọmọ wà lórí itan Màmá, pátákó wà lọ́rùn wọn.

ÀÀFÁÀ: Màmá, ẹ pe orúkọ ọmọ.

Màmá fi ìka kan pátákó. Wọ́n wá wò mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ojú tì mí, ó sì yẹ kó tì mí.

ÈMI: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ.
ALÁGA: Akọ̀wé, ṣebí ìwọ náà lè pè é.

Mi ò dìde nílẹ̀. Ọmọ náà la ojú, ó ń wo ẹnu ìyá mi.

Dede wa ń wò ó.