Oògùn Ilẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Màmá

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, Àbíkẹ́yìn ò tíì ṣí ìgò tán tí Màmá ti di etí àga mú.

"Ẹ má fa ẹsẹ̀, Màmá. Tó bá ń ta yín, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

"Iṣẹ́ yìí mà pọ̀. Ṣé kì í sinmi ni?"

Àbíkẹ́yìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kọ̀. Egbò tí páànù ẹnu ọ̀nà dá sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, lókè ọmọ ìka, kò ju èékánná lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní báyìí ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó funfun bí ẹran tí wọ́n bọ̀, etí rẹ̀ sì ti ń dúdú. Ilé ìwòsàn ni Àbíkẹ́yìn ti ń nu ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bu oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ sínú ìgò. Ìdérí kan sí garawa omi kan ni wọ́n kọ́ ọ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá òun kì í ṣe ilẹ̀. Kò bomi là á.

Ó dà á sí i. Màmá ò mira.

"Kò ta mí mọ́," Màmá wí, bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá.

Àbíkẹ́yìn ju ìgò sílẹ̀. Ó pọ̀n ún, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wo egbò, ó wo ojú wọn. "Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Omi iyọ̀ ni," Màmá yára dáhùn, ó sì já ọmọ rẹ̀ léèékánná lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá mú nǹkan ilé ìwòsàn lọ sílé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ń bọ́ àwọn méjèèjì.

"Tó bá jẹ́ omi iyọ̀ ni, a jẹ́ pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Nọ́ọ̀sì ti fa báírò yọ, ó ń kọ oògùn kòkòrò.

Àbíkẹ́yìn di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. "Nítorí mi ni wọ́n ṣe ń purọ́, mà. Oògùn ilẹ̀ ni. Èmi ni mo bù ú, mi ò sì bomi là á."

Báírò dúró. "Ohun tó ń pa kòkòrò lórí ilẹ̀ ń pa ẹran ara náà. Kódà ká bomi là á, kì í ṣe ti egbò." Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi ń ṣàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi tutù rinrin.

"Ṣé wọn ò ní gé e, mà?"

"Mi ò lè ṣèlérí. Dókítà ń bọ̀. Màmá, ẹ mi ọmọ ìka yín."

Màmá dijú, ó wa eyín pọ̀. Ó pẹ́. Àtàǹpàkò mì díẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Ọ̀kan ṣì ń dá mi lóhùn," Màmá wí.

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ sínú omi, ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń bẹ mẹ́rin tó kù.