Owó Ojú Mi àti Ebè Ṣúpárè

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí mo gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́ nítorí owó kan ṣoṣo. Orúnkún ń ro mí. Ojú mi ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, dókítà ní tòsì náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Owó tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ ni mo fẹ́ fi tọ́jú méjèèjì. Olúyọmí, ọmọ àbúrò mi, ló bá mi fi í sí àpò ìdókòwò tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ fi ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan níbẹ̀ ló ń ṣa ilé-iṣẹ́ tí wọ́n á ra ìpín nínú rẹ̀. Ọjà dára o, ọjà ò dára o, wọ́n á yọ owó iṣẹ́ wọn. Ọdún márùn-ún, owó mi ò fi bẹ́ẹ̀ lé.

Ìbíyínká ọmọ mi, tíṣà ni, ló sọ fún mi pé àpò mìíràn wà tí wọn kì í ṣa nǹkan kan níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rà lára gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́jà, owó iṣẹ́ wọn ò sì tó nǹkan.

Ni mo bá rántí Rájí. Nígbà tí mo ń ra iṣu lórí ebè ní Ṣúpárè kí wọ́n tó wà á, òun ni mo ń sanwó fún kó bá mi ṣa ebè. Á wo ewé, á wo bí ilẹ̀ ṣe là, á nawọ́ sí i. Limota ọ̀rẹ́ mi kì í ṣa. Odindi ìlà ebè ló ń rà, á wá máa fi orin bú Rájí:

Kó gbogbo ẹ̀, má ṣa,
Ilẹ̀ ló mọ èyí tó ta.

Iṣu Limota ò tóbi jù lọ́jà rí. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni èrè rẹ̀ ń ju tèmi, torí kò ní Rájí tó ń sanwó fún. Ogún ọdún ni mo fi sanwó fún Rájí, torí ó máa ń kí mi dáadáa.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Olúyọmí ṣàlàyé títí, pé òkè òkun làwọn ọ̀mọ̀wé náà ti kàwé. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Yọmí, nínú ọdún márùn-ún yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni èrè èyí tí ẹ̀ ń ṣa ju ti èyí tí wọn kì í ṣa?"

Ó wo tábìlì. "Ẹ̀ẹ̀kan, Màmá Ọ̀kà."

"Tìrẹ ńkọ́? Ibo lo kó o sí?"

Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. "Èyí tí wọn kì í ṣa ni. Ẹ máà bínú, Màmá."

Mi ò bínú, ó ti rẹ̀ mí jù. Mo ní kó yọ owó ojú ọ̀tún fún mi, kó kó tòsì lọ síbi tí tirẹ̀ wà. Mo tẹ̀ka sí ìwé.

Nígbà tá à ń gun òkè Ọ̀kà, ọlọ́kadà bi mí pé kí ló ń dùn mọ́ mi tí mò ń kọrin. Mo ní kó rọra, orúnkún ń ro mí. Mo tún orin Limota gbé.