Àgbọ̀nrín Tó Ń Jẹ Koríko

Àlàbí, àlá tí mo lá mọ́jú òní ṣì ń rí mi lára títí di ìsinsìnyí.

Mo wà nínú ọ̀dàn, mo yìnbọn fún àgbọ̀nrín kan. Bàbá mi tó ti kú dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n lọ ka ìṣísẹ̀ dé ibi tí ẹran wà, bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé ẹ̀. O mọ òfin ẹ̀: nínú igbó kìjikìji, má yìnbọn kọjá ogún ìṣísẹ̀, ní ọ̀dàn, má kọjá ogójì.

Mo kà á dé ọgọ́rin, òórùn burúkú kan sì gba imú mi kan. Àgbọ̀nrín náà wà lórí ìdúró, ó ń jẹ koríko. Ihò wà níkùn ẹ̀, koríko tó ń gbé mì ń gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lú ìdin.

Bàbá mi béèrè lọ́ọ̀ọ́kán pé, "Mélòó?"

Mo ní, "Ogójì."

Bí mo ṣe purọ́ yẹn, koríko náà kún ẹnu mi, tòun tìdin. Ó tún béèrè, mo tún purọ́, mo sì ń gbé e mì. Ibi tí mo ti ń tutọ́ sórí ẹní ni ìyàwó mi ti jí mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ẹran tí mo yìnbọn fún lọ́sàn-án Sátidé, tí mo sọ fún ẹ pé mo tàsé ẹ̀, mi ò tàsé. Ó jìnnà jù ni. Mo rí i tó ń wọ́ ìfun lọ, ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n tọpa ẹ̀.

Mú àdá ẹ, ká lọ wá a.