Ìkúnlẹ̀ Kàfáyàt

Kọ̀ǹpútà náà tún kú. Kàfáyàt wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú baba ọkọ rẹ̀, "Ẹ káàsán, sà" kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán, tí ojú ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn. Gbádégẹṣin ọkọ rẹ̀ gbá tábìlì. Gbogbo ohun tó ti ń tẹ̀ sínú rẹ̀ láti àárọ̀, tí kò tíì gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ìpamọ́, ti di àwátì.

"Mo sọ fún ẹ," ni baba ọkọ náà, Baba Yésúfù, wí láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó yìí kò lẹ́sẹ̀ ire. Tó bá tún pa ẹ̀rọ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà."

Gbádégẹṣin kọ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó ń tan ẹ̀rọ padà. Ẹ̀yìn tó kọ sí i dun Kàfáyàt ju ọ̀rọ̀ Baba lọ.

Wọ́n ní bíṣu ẹni bá ta, à fọwọ́ bò ó jẹ. Gbádégẹṣin ò fọwọ́ bo tirẹ̀. Lọ́dún 1979 yẹn, ta ló ní kọ̀ǹpútà nílé ní gbogbo Fajara tí wọ́n ń gbé nílẹ̀ òkèèrè? Àlejò kì í tán lẹ́nu ọ̀nà wọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Saffie aládùúgbò wọn wá wo ẹ̀rọ náà. Ó bọ Baba lọ́wọ́ lórí ìdúró.

"Naka nga def? Ana waa kër gi?"

Ó fi èdè rẹ̀ béèrè ilé, ó béèrè ara, ó béèrè ọmọ. Kàfáyàt ń wo ẹ̀rọ láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹ̀rọ kò ṣẹ́jú.

Kí lòun ń ṣe tí Saffie kì í ṣe? Orúnkún rẹ̀ ló dáhùn. Nǹkan líle kan wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú àga Baba, tó máa ń gún un. Wáyà ẹ̀rọ ni. Gbádégẹṣin ló tẹ́ ẹ gba ibẹ̀ dé ìdí tábìlì, kí Baba má baà fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Gílóòbù òkè kì í sì í kú, ẹ̀rọ nìkan ló ń kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Kàfáyàt wọlé, ó dúró gbọnyin níwájú Baba.

"Ẹ káàsán, sà."

Ife tíì Baba dúró lẹ́nu rẹ̀. "Kúnlẹ̀."

"Tí mo bá kúnlẹ̀, ẹ ó lé mi lọ, sà."

Gbádégẹṣin dìde fùú nídìí ẹ̀rọ. "Kàfáyàt, bàbá mi lò ń kí lóòró?"

"Ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń kí wọn hàn mí. Níbi tí mo dúró sí."

Pẹ̀lú ìbínú ló fi wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ lu kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Kàfáyàt bẹ̀rẹ̀, ó ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè. Wáyà ti bó níbi tí orúnkún rẹ̀ máa ń tẹ̀.

Baba wo wáyà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ṣì nà sílẹ̀.

"Gbádégẹṣin," ó ní, "ìwọ wá ńkọ́? Ilé ta ni ká dá ọ padà sí?"